TA NI Ó MỌ ÒGIRI TÍ Ó LANU?
Ọ̀rọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ lórí jìbìtì orí fóònù àti ti íntánẹ́ẹ̀tì



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn ọ̀gá báńkì, lẹ́nu àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ fóònù, àti lẹ́nu àwọn kan nínú àwa òṣìṣẹ́ pàápàá. Nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n ti fi jìbìtì gba owó oṣù olùkọ́ kan lórí fóònù, tàbí pé wọ́n ti kó gbogbo owó tí nọ́ọ̀sì kan fi pamọ́ lọ, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Ojúkòkòrò ló fà á." Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbàlagbà, a ó ní, "Àìmọ̀wé ni." Lẹ́yìn náà ni a ó pa òwe fún un pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Òtítọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ń pa á kì í béèrè: ta ni ó mọ ògiri náà? Òṣìṣẹ́ kọ́ ni ó ṣe ẹ̀rọ tí owó ń gbà kọjá. Òun kọ́ ni ó ta síìmù fún olè, òun kọ́ ni ó sì ṣí àkáǹtì fún un. Òun kọ́ ni ó ń gba owó iṣẹ́ lórí owó tí ó ń kọjá lójoojúmọ́. Àwọn tí ó mọ ògiri, tí wọ́n sì ń gba owó ibodè lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ni wọ́n ń yíjú sí ẹni tí olè jà tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀bi rẹ̀ ni.

Ohun tí ìwé pélébé yìí fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Jìbìtì orí fóònù kì í ṣe ìtìjú ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀ràn owó oṣù ni, ọ̀ràn owó oṣù sì jẹ́ ọ̀ràn ẹgbẹ́. Ó yẹ kí olúkúlùkù wa mọ bí a ti ń ṣọ́ra, a ó sì sọ ọ́ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè tó láé, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tí ń jèrè lórí ọ̀nà náà kò bá bá wa ru àdánù tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

ÈÉṢE TÍ A FI Ń WO DUNGU?

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Nàìjíríà fún ìgbà díẹ̀, nítorí ohun tí ń bá wa jà nílé ti bá àwọn aládùúgbò wa jà ṣáájú wa. Dungu jẹ́ àdúgbò kan ní Tamale, olú-ìlú Ẹkùn Àríwá orílẹ̀-èdè Gánà. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga University for Development Studies wà, èyí tí ìjọba Gánà dá sílẹ̀ ní ọdún 1992. Tamale kì í sì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí Yorùbá. Kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbóhò àti Ìgbẹ́tì ti fìdí kalẹ̀ sí àwọn ọjà àríwá ilẹ̀ náà. Àwìn àti ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n fi ń ṣòwò. Susu tí àwọn ará Gánà ń dá títí di òní, ọmọ ìyá ni òun àti èsúsú tiwa.

Ẹ rántí bí èsúsú àti àjọ ti ń dáàbò bo owó. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí ń dá àjọ jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ohun tí ó ń ṣọ́ owó náà ni pé a mọ ojú alájọ, a mọ agbo ilé rẹ̀, a mọ baálé tí a ó lọ bá bí ó bá sá lọ. Ojúṣe gbogbo àwùjọ ni ààbò náà.

Ní ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ MTN gbé ètò owó orí fóònù dé Gánà, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní MoMo. Ẹni tí kò ní àkáǹtì báńkì rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù gba owó, ó ń fi í ránṣẹ́, ó sì ń fi í sanwó ọjà. Ní irú àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́ bíi Dungu, òbí tí ó wà lọ́nà jíjìn lè fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ ní òwúrọ̀, kí ọmọ sì gbà á lọ́wọ́ aṣojú MoMo kí oòrùn tó mú. Ohun rere ni èyí, a kò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ètò náà mú ojú alájọ kúrò, ó mú baálé kúrò, kò sì fi ohunkóhun tí ó tó wọn dípò.

Àwa ní Nàìjíríà tọ ọ̀nà kan náà pẹ̀lú àwọn oní-POS. Nígbà tí owó náírà wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, gbogbo wa ni a tì sójú ọ̀nà náà, àti ẹni tí ó fẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Dungu, ara wa ni à ń sọ.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É

Ẹ kọ́kọ́ wo aṣojú MoMo tí ó jókòó sínú ìsọ̀ rẹ̀ tàbí lábẹ́ agboòrùn. Kì í ṣe owó ilé iṣẹ́ fóònù ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Owó ara rẹ̀ ni, tàbí èyí tí ó yá. Kọmíṣàn kékeré ni ó ń jẹ lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá san owó tàbí tí ó gba owó. Ẹnì kan yóò pè é, yóò ní òun ń pè láti olú ilé iṣẹ́, pé àwọn fẹ́ tún àkáǹtì rẹ̀ ṣe kí ó má bàa kú, kí ó tẹ àwọn nọ́ńbà kan bí òun ti ń pè wọ́n. Àwọn nọ́ńbà tí ó ń tẹ̀ yẹn gan-an ni ó fi ń kó owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí olè. Kí ni ó mú un gbọ́ràn? Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ láti máa gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí kò rí rí, lórí fóònù. Ẹni tí kò mọ ọ̀gá rẹ̀ lójú kò lè fi ohùn ọ̀gá mọ̀ yàtọ̀ sí ohùn olè. Bí owó bá sì lọ, owó tirẹ̀ ni ó lọ.

Ẹ tún wo ọgbọ́n kejì. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ pé owó ti wọlé fún un. Kò pẹ́, ẹnì kan pè pẹ̀lú ẹkún: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú mi, mo ṣèèṣì fi owó oògùn ìyá mi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín." Ẹni náà dá owó padà. Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé owó kankan kò wọlé. Olè ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Níbo ni ojúkòkòrò wà nínú èyí? Olójúkòkòrò ni ìbá pa fóònù rẹ̀ tí ìbá sì ná owó náà. Olóòótọ́ ni ó dá a padà, òtítọ́ inú rẹ̀ ni wọ́n sì fi mú un.

Ọgbọ́n kẹta wọ́pọ̀ nílé wa: "Ẹ káàsán, mà. Láti báńkì yín la ti ń pè. Wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì yín pa nítorí BVN. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún wa." Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ìbẹ̀rù ni wọ́n fi mú ẹni yìí, ìbẹ̀rù pé kí owó oṣù má há sí báńkì.

Ọgbọ́n kẹrin ni ti WhatsApp. Olè gba àkáǹtì ọ̀rẹ́ yín mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá fi orúkọ àti àwòrán ọ̀rẹ́ náà kọ̀wé sí yín pé òun wà nílé ìwòsàn, kí ẹ jọ̀wọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi mú ẹ̀yin. Ẹ̀karùn-ún burú ju gbogbo wọn lọ: olè lọ bá ilé iṣẹ́ fóònù, ó ní síìmù òun sọnù, wọ́n sì fi nọ́ńbà yín sórí síìmù tuntun fún un. Ẹ̀yin lè wà lójú oorun nígbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ olè ni yóò máa lọ.

Ẹ kà wọ́n: ìgbọràn, òtítọ́ inú, ìbẹ̀rù, ìfẹ́, àti oorun. Kò sí ojúkòkòrò níbẹ̀. Àwọn ìwà tí a fi ń pe ènìyàn ní ọmọlúàbí gan-an ni àwọn oníjìbìtì fi ń ṣe ìdẹ.

OJÚKÒKÒRÒ ŃKỌ́?

A kò sọ pé kò sí ojúkòkòrò láyé. Ní ọdún 2016, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà kó owó wọn sínú MMM, èyí tí ó ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó wọn. Ní Gánà, Menzgold ń ṣèlérí èrè oṣooṣù lórí wúrà títí àjọ tí ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò fi pàṣẹ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 pé kí ó dá a dúró; ọ̀pọ̀ ni kò rí owó wọn gbà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ ní ọdún 2016 tí MMM dé. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà jẹ́ 18,000 náírà, iye tí ó ti wà láti ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó jẹ òṣìṣẹ́ wọn lówó oṣù, tí àwọn mìíràn sì ń san ààbọ̀. Ẹni tí a kò san owó fún fún oṣù mẹ́rin, tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣé ojúkòkòrò ni ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà MMM, tàbí ebi? Agbanisíṣẹ́ tí ó jẹ gbèsè owó oṣù ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún oníjìbìtì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ayánilówó orí fóònù. Òṣìṣẹ́ yá owó kékeré nítorí owó oṣù pẹ́. Ètò tí ó gbà sórí fóònù rẹ̀ ti kó orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tí ó mọ̀. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó san án, wọ́n ń kọ̀wé sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù rẹ̀ pé olè ni. Ìwà yìí gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, fi wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 2022, tí ó sì gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn ní ọdún náà. Bí owó oṣù bá tó, tí ó sì ń wọlé lásìkò, mélòó nínú wa ni yóò ya ọ̀dọ̀ wọn?

WỌ́N MỌ BÍ A TI Ń GBA OWÓ WA, WỌN KÒ MỌ BÍ A TI Ń DÁ A PADÀ

Wọ́n ní kí a forúkọ sílẹ̀ kí olè lè tán. Ní ọdún 2014 a tò fún BVN. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 a tò láti so NIN mọ́ síìmù. Ní Gánà, láti ọdún 2021, wọ́n tò láti tún síìmù wọn forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú Ghana Card. A fi ìka wa lé ẹ̀rọ, a gbé ojú wa fún wọn yà. Nísinsìnyí, kí ni a rí? Owó tí olè kó kì í fò lọ sójú ọ̀run. Àkáǹtì ni ó ń bọ́ sí. Báńkì kan ni ó ṣí àkáǹtì náà, BVN ẹnì kan ni ó wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà tí olè fi pè ní síìmù, ilé iṣẹ́ kan ni ó sì tà á. Bí òṣìṣẹ́ bá wá lọ bẹ̀bẹ̀, wọn a ní àwọn kò lè sọ orúkọ ẹni tí ó gba owó. Ìforúkọsílẹ̀ náà ń fi àwa hàn, ó sì ń fi olè pamọ́.

Nígbà tí ó bá di ti owó gbígbà, ọgbọ́n wọn kì í tán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ owó orí E-Levy, ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí a bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù tí ó ju 100 sídì lọ lóòjọ́. Wọ́n dín in kù sí ìdá 1 ní ọdún 2023, àwọn aṣòfin sì pa á rẹ́ ní ọdún 2025.

Ti Nàìjíríà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2024, dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ààbò, ó sì dárúkọ irú àwọn ilé iṣẹ́ tí ọ̀ràn náà kàn: ilé iṣẹ́ fóònù, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, báńkì, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò àti ọjà ìdókòwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí báńkì àpapọ̀, CBN, kọ ìwé sí àwọn báńkì ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, inú àkáǹtì oníbàárà ni ó ní kí wọ́n ti máa yọ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, NLC àti TUC, kọ̀ ọ́, gbogbo ìlú sì pariwo. Kí oṣù náà tó parí, CBN ti gba ìwé rẹ̀ padà.

Ẹ fi ẹ̀kọ́ méjì mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́: ẹrù tí òfin fẹ́ gbé lé ilé iṣẹ́ lórí lè yí padà sórí òṣìṣẹ́ lóru ọjọ́ kan, bí a bá sùn. Èkejì: bí a bá jọ kọ̀ ọ́, ó ń padà.

ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ TI ṢE É

Àwọn báńkì yóò sọ pé kò ṣeé ṣe láti dá owó padà fún ẹni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí olè. Àwọn báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 2019 wọ́n gba àdéhùn kan tí báńkì lè wọ̀ bí ó bá fẹ́. Àwọn kan wọ̀ ọ́, àwọn kan kò wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó di dandan. Báńkì ẹni tí wọ́n tàn jẹ gbọ́dọ̀ dá owó rẹ̀ padà, títí dé 85,000 pọ́n-ùn, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún bí ìwádìí kò bá dá a dúró. Báńkì tí owó ti jáde yóò ru ìdajì. Báńkì tí owó olè wọ̀ yóò ru ìdajì kejì.

Ẹ kíyèsí ìdajì kejì yẹn. Òun ni ọgbọ́n inú òfin náà. Báńkì tí ó bá mọ̀ pé òun ni yóò sanwó bí òun bá ṣí àkáǹtì fún olè, yóò wo olè lójú dáadáa kí ó tó ṣí i. Kò sí ìwàásù tí ó lè ṣe ohun tí ìdajì yẹn ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé ní London tí òfin yìí ń bò. Èwo ni ó wá sọ pé arákùnrin tí ó wà ní Peckham yẹ fún ààbò, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Òṣogbo kò sì yẹ?

Àwọn kan yóò sọ pé bí báńkì bá ń dá owó padà, àwọn ènìyàn kò ní ṣọ́ra mọ́, àwọn mìíràn yóò sì máa purọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bo ẹni tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú jìbìtì náà, ó fàyè gba báńkì láti kọ̀ fún ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá pọ̀ kọjá ààlà, ó sì jẹ́ kí báńkì lè yọ 100 pọ́n-ùn kúrò. Kò sí ẹni tí yóò fi owó oṣù rẹ̀ ṣeré nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó rí i gbà lẹ́yìn ìwádìí. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àwa jẹ́ tálákà, a kò lè ṣe bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n tálákà ni kò lè fara da àdánù. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí ó ń jẹ èrè inú ètò yìí kò gbọdọ̀ sá fún ìnáwó rẹ̀.

Ní Gánà pàápàá, a ti rí i pé ihò ṣeé dí bí ẹni tí ó mọ ògiri bá fẹ́. MTN ṣe ètò tí ó fi jẹ́ pé oníbàárà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ *170#, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí aṣojú tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó rẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí oníbàárà nìkan ni.

OHUN TÍ OLÚKÚLÙKÙ LÈ ṢE LÓNÌÍ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí òfin tó dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwọ̀nyí lò, kí ẹ sì kà wọ́n fún àwọn tí kò lè kà á.

1. Ẹ má ṣe sọ nọ́ńbà PIN tàbí nọ́ńbà OTP tí ó wọlé sórí fóònù fún ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ báńkì tòótọ́ kì í béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè, olè ni, bí ó tilẹ̀ mọ orúkọ yín àti BVN yín.

2. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín láti "báńkì" tàbí "olú ilé iṣẹ́", ẹ pa fóònù náà. Nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kí ẹ fúnra yín pè. Ẹ má ṣe tẹ nọ́ńbà tí ẹlòmíràn ń pè fún yín.

3. Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe owó. Ẹ yẹ iye tí ó wà nínú àkáǹtì yín wò. Bí owó ẹlòmíràn bá ṣèèṣì wọlé lóòótọ́, ẹ sọ fún báńkì tàbí ilé iṣẹ́ fóònù kí wọ́n dá a padà. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá a padà.

4. Ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kejì ti WhatsApp yín. Bí ará tàbí ọ̀rẹ́ bá béèrè owó nínú ìwé, ẹ pè é. Nítorí pé ẹ̀rọ lè ṣe bí ohùn ènìyàn nísinsìnyí, ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀.

5. Ẹ má ṣe tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yín sí ojú ìwé tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan gbé yín dé. Ẹ má sì lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà fún báńkì, fún ímeèlì àti fún Facebook, kí ó má bàa jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bọ́ sọ́wọ́ olè, gbogbo rẹ̀ ti bọ́.

6. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yín bá kú lójijì nígbà tí ti àwọn ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn pe báńkì, kí ẹ sì lọ sí ilé iṣẹ́ fóònù lọ́gán.

7. Iṣẹ́ tí a ń sanwó kí a tó rí, ìdókòwò tí ń ṣèlérí èrè ńlá lóṣooṣù, àti ayánilówó tí ó ń béèrè orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ sá fún wọn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ SEC tàbí FCCPC.

8. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ìṣẹ́jú ṣe pàtàkì. Ẹ pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí wọ́n sì kọ̀wé sí báńkì tí owó wọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́, ẹ sọ fún ọlọ́pàá. Ẹni tí ó bá wà ní Gánà lè pe 292, nọ́ńbà àjọ tí ń ṣọ́ ààbò íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.

9. Ẹ sọ fún akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kìkì bí ó bá lanu sọ ibi tí kòtò wà ni. Ẹni tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ yóò pa ẹnu mọ́, olè yóò sì lọ bá ẹni kejì nínú ọ́fíìsì kan náà. Ẹ̀rín tí à ń rín ni ó ń bò olè láṣìírí.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ GBỌ́DỌ̀ BÉÈRÈ

A ń ké sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí ó gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí wá sí ìpàdé, kí ó sì fi wọ́n sínú ohun tí à ń bá ìjọba àti àwọn agbanisíṣẹ́ jíròrò lé lórí.

Àkọ́kọ́, òfin tí yóò mú báńkì tí owó ti jáde àti báńkì tí owó wọ̀ jọ dá owó padà fún ẹni tí wọ́n tàn jẹ, kí ó sì bo ilé iṣẹ́ fóònù tí ó bá fi síìmù ẹlòmíràn fún olè.

Èkejì, nọ́ńbà fóònù kan tí ènìyàn gidi yóò máa dáhùn tọ̀sán-tòru, tí yóò sì lè dá owó dúró lójú ẹsẹ̀ nínú báńkì yòówù tí ó bá wọ̀. Olè kì í dúró de ọjọ́ Ajé. Kò yẹ kí ẹni tí ó jà dúró dè é.

Ẹ̀kẹta, kí báńkì kọ̀ọ̀kan máa tẹ iye owó oníbàárà tí ó sọnù sí jìbìtì àti iye tí ó dá padà jáde lọ́dọọdún, kí òṣìṣẹ́ lè mọ ibi tí ó yẹ kí owó oṣù rẹ̀ máa gbà wọlé.

Ẹ̀kẹrin, kí agbanisíṣẹ́ má ṣe yọ owó lára owó oṣù akọ̀wé tàbí agbowó tí àwọn oníjìbìtì fi ìwé èké tàn lẹ́nu iṣẹ́. Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò fún ọ̀gá láyè láti máa yọ owó oṣù bí ó ti wù ú. Akọ̀wé ẹ̀ka tí ó bá gbọ́ irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó sùn lórí rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kọ́ ní àkókò iṣẹ́, ní èdè tí òṣìṣẹ́ gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni báńkì fi ń kìlọ̀ fún wa. Èdè wa ni olè fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Kí ará Dungu gbọ́ ọ ní Dagbani, kí ará Ìsẹ́yìn gbọ́ ọ ní Yorùbá.

Ẹ̀kẹfà, kí á gba àwọn aṣojú MoMo àti àwọn oní-POS mọ́ra gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Ní Gánà wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti máa fi ohùn kan bá àwọn ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń gbé owó ilé iṣẹ́ ńlá dé ẹnu ọ̀nà wa, tí ó sì ń fi owó ara rẹ̀ dúró fún un, òṣìṣẹ́ ni, bí a tilẹ̀ ń pè é ní oníṣòwò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwọn bàbá wa kò gba wákàtí iṣẹ́ mẹ́jọ lóòjọ́ nípa pé kí olúkúlùkù máa ṣọ́ aago ara rẹ̀. Wọn kò gba owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ nípa pé kí wọ́n máa sọ fún un pé, "Èéṣe tí o kò ṣọ́ra?" Ìgbà kan wà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń sọ pé àìṣọ́ra òṣìṣẹ́ ni ó ń fa gbogbo ìjàǹbá, ẹgbẹ́ ni ó mú kí òfin sọ pé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni kí ó fi ọgbà yí i ká. Ẹ̀rọ tuntun ni fóònù tí owó oṣù wa ń gbà kọjá, ọgbà kò sì tíì yí i ká.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ gbé ìwé yìí lọ sí ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ara yín pé: mélòó nínú wa ni wọ́n ti jà lólè lórí fóònù tí a kò sì lè sọ ọ́? Bí ẹnì kan bá dìde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ báńkì tí owó ti jáde àti èyí tí owó wọ̀, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀.